Eku nìkan kọ́: bí àrùn plague ṣe ràn láàárín àwọn èèyàn láyé àtijọ́

Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn aláṣẹ ètò ìlera ní Coconino County, ní ìpínlẹ̀ Arizona nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kéde pé àrùn plague ti pa ẹnì kan, irú èyí tó máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ máa ń ya èèyàn lẹ́nu, torí ohun tí púpọ̀ nínú wa kọ́ nílé ìwé kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: plague pa èèyàn rẹpẹtẹ ní Yúróòpù nígbà kan, eku ló kó o wá, ó sì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jóòótọ́. Ti ìkẹta kì í ṣe òótọ́ rárá, nítorí àrùn náà ṣì wà ní Madagascar, ní Kóńgò, ní Peru àti ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà títí di òní. Ti ìkejì, ìyẹn ọ̀rọ̀ eku, ni mo fẹ́ kí a jọ tú palẹ̀. Òun ni àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé lórí, òun náà ló sì ń pinnu bóyá ìlú tí àrùn náà bá wọ̀ yóò mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn yìí ń jẹ́ Yersinia pestis. Ara eku oko àti àwọn ẹranko mìíràn tó ń gbé inú ihò ni ilé rẹ̀ gan-an, iná ló sì ń gbé e kiri láàárín wọn. Iná tí mo ń wí yìí yàtọ̀ sí iná orí. Kòkòrò tíntìntín tó máa ń fò ni, irú èyí tí a ń rí lára ajá àti ológbò. Ní ọdún 1914, Arthur Bacot àti Charles Martin ṣàlàyé bí iná eku ṣe ń ṣe iṣẹ́ burúkú rẹ̀. Tó bá ti fa ẹ̀jẹ̀ eku tó ní àrùn náà, kòkòrò àìfojúrí yìí á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ra wọn gírígírí, á sì dí ọ̀nà ikùn rẹ̀ pa. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tún fà kò ní lè kọjá mọ́, bí ẹni tí òkèlè há lọ́fun. Ebi á máa pa á, á máa bu ohun tó bá rí jẹ léraléra, gbogbo ìgbà tó bá sì gbìyànjú láti gbé ẹ̀jẹ̀ mì ni yóò máa pọ kòkòrò àrùn padà sí ojú ibi tó ti buni jẹ. Bí eku tó ń gbé lára rẹ̀ bá kú, tí ara eku náà tutù, iná á fò lọ wá ara gbígbóná mìíràn. Ẹni tó bá sùn nítòsí ló kàn.

Lára èèyàn, kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó fara hàn. Ibà líle á dé, orí á máa fọ́ni, kókó ńlá tó ń roni gógó á yọ ní abíyá, ní ọrùn tàbí níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ẹni tó ní kókó nìkan kì í sábà kó o ran ẹlòmíràn ní tààrà. Ṣùgbọ́n bí àrùn náà bá gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á máa pọ ẹ̀jẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á sì mí èémí àrùn náà sínú. Kò nílò eku mọ́, kò nílò iná. Ẹni tí plague bá wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tí kò sì tètè rí oògùn lò, àtiyè rẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀.

Ó pẹ́ kí aráyé tó mọ gbogbo èyí. Nígbà tí àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Hong Kong ní ọdún 1894, Alexandre Yersin rí kòkòrò àìfojúrí náà nínú kókó tó wà lára àwọn òkú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lẹ́yìnwá ọ̀la. Bó ṣe ń dé ara èèyàn ni kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1898, ní ìlú Karachi, dókítà ará Faransé kan, Paul-Louis Simond, gbé eku kan tó ń ṣàìsàn, tí iná wà lára rẹ̀, sínú ìgò ńlá. Ó wá gbé eku mìíràn tí ara rẹ̀ dá sókè rẹ̀ nínú àgò wáyà, kí àwọn méjèèjì má bàa fara kanra, ṣùgbọ́n kí iná lè fò kọjá. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, eku tí ara rẹ̀ dá kó àrùn, ó sì kú. Nígbà tó tún un ṣe pẹ̀lú eku tí kò ní iná lára, nǹkan kan kò ṣe èkejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà ìgbà náà kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ọdún púpọ̀ kọjá kí ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní Íńdíà tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, plague sì ń pa àwọn ará Íńdíà lọ ní gbogbo àkókò náà. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó kú níbẹ̀ láti ọdún 1896, tó wọ Bombay, tó mílíọ̀nù 12.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di òfin: eku, iná eku, èèyàn. Ní Bombay, òfin yìí bá ohun tí wọ́n ń fojú rí mu. Òkú eku ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí nílé, èèyàn á wá máa ṣàìsàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àrùn náà á sì máa wọ́ láti àdúgbò kan bọ́ sí èkejì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, lójú tèmi, ni pé wọ́n wá ń fi ojú Bombay wo gbogbo plague tó ti jà láyé rí, títí kan èyí tó jà ní nǹkan bí 550 ọdún ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká wo ti ìgbà náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1347, àwọn ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Genoa tó ń bọ̀ láti etí Òkun Dúdú gbé e dé Messina ní erékùṣù Sicily. Kí ọdún 1348 tó parí, ó ti jà ní Florence, ní Avignon, ní Paris, ní Cairo àti ní Damascus, ó sì ti sọdá òkun dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé ó kéré tán ìdá mẹ́ta àwọn ará Yúróòpù ló bá a lọ láàárín ọdún bíi márùn-ún. Àwọn mìíràn sọ pé ó tó ìdajì. Plague ti Bombay wọ́, èyí sáré. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ òkú eku. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé ẹni tó lọ wo aláìsàn náà á wó, pé ilé tó bá wọ̀ á di ahoro, pé aṣọ òkú ń pani.

Ẹlẹ́rìí tí mo fọkàn tán jù nínú wọn ni Guy de Chauliac, dókítà Póòpù Clement Kẹfà ní Avignon. Kò sá kúrò nílùú, àrùn náà mú òun fúnra rẹ̀, ó sì yè é. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé oríṣi méjì lòun rí. Ti àkọ́kọ́ jà fún oṣù méjì: ibà àti títu ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ẹni tó bá mú kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ti ìkejì ní kókó ní abíyá àti ìsàlẹ̀ ikùn, ẹni tó bá mú a máa kú ní ọjọ́ márùn-ún. Ó ní ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ débi pé bàbá kì í lọ wo ọmọ, ọmọ kì í sì í lọ wo bàbá. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ yìí lónìí á mọ̀ pé plague inú ẹ̀dọ̀fóró àti plague oníkòókó ló ń ṣàpèjúwe, ó sì ṣe é láìmọ̀ pé kòkòrò àìfojúrí wà láyé.

Àwọn tí kò mọ ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọlé a máa wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní àwọn Júù ló da májèlé sínú kànga. Ní oṣù Kejì ọdún 1349, ní Strasbourg, wọ́n sun ọgọ́rọ̀ọ̀rún Júù níná láàyè, kí àrùn náà tó dé ìlú ọ̀hún rárá. Póòpù Clement ti kọ̀wé ṣáájú pé irọ́ ni, pé àrùn náà ń pa àwọn Júù fúnra wọn, kò sì yọ àwọn ibi tí kò sí Júù kankan sílẹ̀. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀.

Ìṣòro tó le jù fún òfin eku ni erékùṣù Iceland. Plague dé ibẹ̀ ní ọdún 1402, ó jà títí di 1404, ó jà nínú òtútù, ó sì pa ìpín ńlá nínú àwọn ará ibẹ̀. Ó tún padà wá ní ọdún 1494. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti wá egungun eku títí nínú ilẹ̀ Iceland ìgbà náà, wọn kò rí i. Bí eku kò bá sí, kí ló ń gbé e kiri láti abà kan dé òmíràn? Àwọn kan ní ikọ́ ni, àwọn kan ní iná ara èèyàn ni.

Ìbéèrè yìí náà ló mú kí àwọn onímọ̀ padà sí Eyam, abúlé kékeré kan ní Derbyshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1665, aṣọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí aránṣọ abúlé náà láti London, níbi tí plague ti ń jà, dé pẹ̀lú iná nínú rẹ̀. George Viccars tó ń bá aránṣọ náà ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ kú. Àrùn náà rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà òtútù, ó sì gbérí padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1666, àlùfáà wọn, William Mompesson, pẹ̀lú Thomas Stanley tó ti jẹ́ àlùfáà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, bẹ àwọn èèyàn pé kí ẹnikẹ́ni má jáde lábúlé, kí wọ́n má bàa kó o ran àwọn tó yí wọn ká. Wọ́n gbà. Àwọn ará àdúgbò ń gbé oúnjẹ sí ààlà, àwọn ará Eyam ń fi owó sínú omi tí wọ́n po ọtí kíkan mọ́. Ní oṣù Kẹjọ, Elizabeth Hancock fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyàwó Mompesson náà kú. Nígbà tí yóò fi tán, àwọn tó kú tó 260.

Ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ wọn ṣì wà, orúkọ àwọn òkú àti ọjọ́ tí wọ́n sin wọ́n wà nínú rẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì hàn kedere. Ní ọdún 2016, Lilith Whittles àti Xavier Didelot fi ìṣirò tọ ipa bí àrùn náà ṣe rìn láti ẹni sí ẹni. Èsì wọn ni pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kó o láti ara èèyàn bíi tiwọn, ó sì máa ń ràn nínú ilé kan náà ju láàárín àwọn ará abúlé yòókù lọ. Ìdá kan yòókù ni wọ́n kó o lára eku. Ìyá tó ń tọ́jú ọmọ, ọkọ tó sùn ti ìyàwó tó ń ṣàìsàn: ọ̀nà tí àrùn náà gbà nìyẹn. Mo ka ìṣe àwọn ará Eyam sí akọni. Ìṣirò yìí sì dùn mí, nítorí ó fi hàn pé ìpinnu wọn lè gba àwọn abúlé yòókù là, ṣùgbọ́n kò lè gba àwọn tó wà nínú ilé kan náà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Katharine Dean àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oslo kó àkọsílẹ̀ òkú àjàkálẹ̀ plague mẹ́sàn-án jọ, èyí tó wáyé láàárín ọdún 1348 sí 1813. Wọ́n fi wọ́n wé ọ̀nà mẹ́ta: eku àti iná rẹ̀, ikọ́, àti iná tó ń gbé lára èèyàn, pàápàá iná aṣọ (irú iná orí tó ń gbé inú aṣọ, tí kì í fò). Nínú méje nínú mẹ́sàn-án yẹn, ti iná ara èèyàn ló bá bí òkú ṣe ń pọ̀ sí i mu jù. Àríyànjiyàn ńlá ló tẹ̀ lé e. Àwọn tó ta kò wọ́n ní ìṣirò lè bá nǹkan mu láìjẹ́ pé ó ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àti pé kòkòrò àrùn gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kí iná aṣọ tó lè kó o. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ní ọdún 2024, ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fi hàn pé iná aṣọ ń gbé Yersinia pestis ju bí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ lọ, àti pé nínú àwọn kan lára wọn, ó máa ń wọ inú ẹṣẹ́ kan nítòsí ẹnu, tí yóò fi máa bá bíbunijẹ wọ ara èèyàn.

Ẹ ro bí àwọn èèyàn ìgbà náà ṣe ń gbé. Tálákà ní aṣọ kan ṣoṣo, kì í bọ́ ọ lóru òtútù. Ẹni márùn-ún ń sùn lórí ẹní kan. Tí ẹnì kan bá kú, àwọn ará ilé á wọ aṣọ rẹ̀ tàbí kí wọ́n tà á. Ní Marseille, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1720, ọkọ̀ ojú omi Grand-Saint-Antoine gúnlẹ̀ láti ìhà Síríà pẹ̀lú ẹrù aṣọ àti òwú, lẹ́yìn tí àwọn atukọ̀ ti kú nínú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n sé e mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà ńlá ìlú náà fẹ́ ọjà wọn. Àwọn tó kú ní Marseille tó 40,000, nínú ìlú tí kò ju nǹkan bí 90,000 lọ.

Ibi kan ṣoṣo tí kò sí àríyànjiyàn ni Manchuria, ní àríwá Ṣáínà, láàárín ọdún 1910 sí 1911. Níbẹ̀, ẹranko kan wà tó ń gbé inú ihò, tí wọ́n ń pè ní tarbagan, tí wọ́n ń pa nítorí awọ onírun rẹ̀. Owó awọ náà ga sókè ní ọjà àgbáyé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò tí kò mọ iṣẹ́ ọdẹ sì rọ́ lọ. Àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ mọ̀ pé èyí tó bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kò ṣe é fọwọ́ kàn. Àwọn àlejò kò mọ̀. Wọ́n ń kó ara wọn jọ sínú ilé èrò tó há gádígádí nínú òtútù, wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Ojú irin yẹn ni àrùn náà bá rìn dé Harbin, tó sì gba ibẹ̀ tàn ká.

Ìjọba rán Wu Lien-teh lọ, dókítà ọmọ ọdún 31 tí wọ́n bí ní Penang tó sì kàwé ní Cambridge. Ó wo àwọn eku Harbin, kò rí plague lára wọn. Ó la òkú kan, ó rí kòkòrò náà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó sọ pé èémí ló ń gbé e, pé kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ aláìsàn fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Dókítà Faransé kan, Gérald Mesny, tó dàgbà jù ú lọ, tó sì ti rí plague oníkòókó rí, kò gbà. Ó wọ yàrá àwọn aláìsàn láìbomú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó kú. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Harbin ti ń bomú. Wu yọ̀ǹda àwọn ọkọ̀ ojú irin òfìfo láti fi ya àwọn tó ti fara kan aláìsàn sọ́tọ̀, ó sì tọrọ àṣẹ ọba kí wọ́n lè sun òkú tó lé ní 2,000 tó dì sórí ilẹ̀ yìnyín, ohun tí àṣà Ṣáínà kórìíra. Kí oṣù Kẹrin tó dé, ó ti tán ní Harbin. Àwọn tó kú ní gbogbo Manchuria tó 60,000.

Ní ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Plague wọ Accra ní ọdún 1908, ó wọ Dakar ní 1914, ó sì wọ èkó ní 1924. Ti èkó, eku ló wà nídìí rẹ̀ lóòótọ́. Ìlú èbúté ni, ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, eku ń sọ̀ kalẹ̀, ilé sì há mọ́ra ní Ìsàlẹ̀ èkó. Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di igbákejì ọ̀gá àgbà ètò ìlera ìlú náà, ló tún ètò àyẹ̀wò èbúté ṣe, ó sì rán àwọn wolé-wolé láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀pọ̀ wa tó gbọ́ ìtàn wolé-wolé lẹ́nu àwọn òbí wa àgbà, ìtàn ìkòkò omi tí wọ́n dànù àti owó ìtanràn la gbọ́. Àjàkálẹ̀ eku wọ̀nyẹn ló sọ iṣẹ́ wọn di ńlá. Ní ọdún 1928, ìjọba amúnisìn dá LEDB (Lagos Executive Development Board), àjọ tó ń rí sí àtúntò ìlú, sílẹ̀ láti wó àwọn ilé tó há mọ́ra, kí wọ́n sì kó àwọn èèyàn lọ sí Yaba. Inú mi kò dùn sí bí wọ́n ṣe ń wó ilé onílé, nítorí ẹni tí kò ní ohun kan ju yàrá kan lọ ni ó máa ń jìyà irú ètò bẹ́ẹ̀ jù. Síbẹ̀, wọ́n mọ ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà: pípa eku ní èkó bá iṣẹ́ mu. Bí wọ́n bá pa gbogbo eku Harbin, ẹnì kan ṣoṣo kò ní torí rẹ̀ yè.

Madagascar rí ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀, plague oníkòókó láti ara eku máa ń yọjú lọ́dọọdún ní àwọn abúlé òkè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ọkùnrin ọmọ ọdún 31 kan tó ń ṣe ibà ní Ankazobe wọ ọkọ̀ akérò tó ń lọ sí Tamatave. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu lọ́nà, ọkọ̀ náà sì gba Antananarivo, olú ìlú wọn, kọjá. Ó kú kó tó dé ibi tó ń lọ. Ibà ni wọ́n rò pé ó pa á. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn dókítà tó mọ̀ pé plague ti wọ ìlú. Láàárín oṣù Kẹjọ sí ìparí oṣù Kọkànlá, wọ́n ka 2,417 tí wọ́n fura sí tàbí tí àyẹ̀wò fìdí tiwọn múlẹ̀, 209 nínú wọn sì kú. Ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn tó jẹ́ ti inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun tí Chauliac àti Wu kò ní wà lọ́wọ́ àwọn ará Madagascar: oògùn apakòkòrò bíi streptomycin àti doxycycline, tó ń wo plague sàn bí wọ́n bá tètè lò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń béèrè ẹni tó jókòó ti aláìsàn, ẹni tó bá a wọkọ̀, ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Wọ́n rí èèyàn tó lé ní 7,000. Wọ́n fún wọn ní oògùn, wọ́n sì ń padà lọ wò wọ́n fún ọjọ́ méje. Nínú gbogbo wọn, 11 péré ni àmì àrùn náà hàn lára wọn.